Baṣọ̀run Gáà, Ọkùnrin tí Ó Ju Ọba Lọ

Ní ìlú wa, Ìgbẹ́tì, bí ẹnì kan bá dé ipò tán, tí ó wá ń fi ojú àwọn tí wọ́n gbé e dé ibẹ̀ gbolẹ̀, àwọn àgbà kì í bá a jiyàn. Wọn a pe orúkọ Gáà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn a sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìgbà kìíní tí mo gbọ́ orúkọ náà, n kò ì tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá mi àgbà sá iṣu tí yóò fi ṣe ẹ̀lùbọ́ sí ẹ̀bá títì. Ọkùnrin kan tí àwọn ará ìlú ti dìbò fún ń kọjá lọ, ọkọ̀ mẹ́fà tàbí méje ni ó tẹ̀lé e, eruku wọn sì bo gbogbo iṣu náà. Kò sí èyí tí ó dẹsẹ̀ dúró nínú wọn. Mo rò pé ìyá àgbà yóò ṣépè. Kò ṣépè rárá. Ó bi mí bóyá mo mọ irú ikú tí Gáà kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn iṣu rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

N kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Nísinsìnyí tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo ṣe àkíyèsí pé ikú Gáà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, a kò mọ ayé rẹ̀. Eré-onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ nípa rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1972, ni ó mú kí orúkọ náà wọ ilé-ẹ̀kọ́, tí fíìmù sì tún wá gbé e wọ ilé gbogbo ènìyàn. Eré náà dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ìparí nìkan yóò rò pé ìkà kan kàn dédé jáde láti inú igbó wá ni, tí ó gba Ọ̀yọ́ mọ́ ọba lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé àwọn olóyè tí a yàn láti máa ṣọ́ ọba ni Gáà ti jáde wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe kàn wá ní Ìgbẹ́tì. Ọ̀yọ́-Ilé tí Gáà gbé, tí ó sì kú sí, kò jìnnà sí wa. Inú igbó ni ó wà, nínú ilẹ̀ ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Àwọn ọdẹ ìlú wa mọ ibẹ̀ bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùnlé. Nítorí náà, kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ òkèèrè ni a ń sọ bí a bá dárúkọ Gáà, aládùúgbò ni.

Oyè Baṣọ̀run ni olórí nínú oyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì. Àwọn mẹ́fà yòókù ni Àgbàakin, Sámù, Alápìíìnni, Lágúnà, Akínikú àti Aṣípa. Àwọn ni wọ́n ń yan ọba, àwọn náà ni wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Ní ọdọọdún, nígbà ọdún Ọ̀run, Baṣọ̀run ni yóò da obì fún orí Aláàfin láti mọ̀ bóyá ọ̀run ṣì tẹ́wọ́ gba ọba. Bí ìlú bá kọ ọba tán, wọn kì í bá a pariwo. Wọn yóò gbé igbá ránṣẹ́ sí i kí ó ṣí i wò, tàbí kí wọ́n fi ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́. Ọba náà yóò mọ̀ pé wọ́n ní kí òun lọ sùn ni, kò sì gbọdọ̀ jí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dákun, ẹ má fi ojú kékeré wo ètò yìí. Ọba tí Yorùbá ń pè ní aláṣẹ èkejì òrìṣà, ẹnì kan wà tí ó lè bi í léèrè ohun tí ó fi ọdún kan ṣe. Ohun tí ó ń rú mi lójú ni apá kejì rẹ̀. Ta ni ó ń da obì fún orí Baṣọ̀run? Òótọ́ ni pé àwọn Ògbóni wà, ojú wọn sì wà lára Ọ̀yọ́ Mèsì. Òótọ́ ni pé Aláàfin ní àwọn ìlàrí àti ìwẹ̀fà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí Baṣọ̀run gbọdọ̀ jókòó kí a yẹ tirẹ̀ wò.

Kí Gáà tó jẹ oyè, ojú àwọn ará Ọ̀yọ́ ti rí nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọba wọn. Òjígí, tí àwọn ológun rẹ̀ fi ẹṣin tẹ ilẹ̀ Dàhòmì mọ́lẹ̀ tí Dàhòmì fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ ní ọdún 1730, ìlú kọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí ìwà ìkà àrẹ̀mọ rẹ̀. Gbẹ̀rú tí ó tẹ̀lé e àti Baṣọ̀run Jámbù bá ara wọn ṣọ̀tá. Onísílé náà, kíkọ̀ ni wọ́n kọ̀ ọ́. Bí a bá ka orúkọ àwọn ọba ìgbà náà tẹ̀lé ara wọn, díẹ̀ ni a ó rí tí ó fọwọ́ rọrí kú. Àwọn mẹ̀kúnnù wá ń bẹ̀rù ààfin. Ó hàn nínú ìwé Samuel Johnson, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó kọ ìtàn Yorùbá parí ní ọdún 1897, tí wọ́n tó wá tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921, pé ohun tí ó sọ Gáà di ńlá ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá lọ bá a kí ó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ọba.

Mo ti ka ibẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọkùnrin tí à ń fi orúkọ rẹ̀ pe ìkà lónìí, abẹ́ ibòji rẹ̀ ni àwọn aláìní ń sá sí tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1754 tí agbára bọ́ sí i lọ́wọ́, ó dá mi lójú pé àwọn kan jó, wọ́n sì yọ̀ pé ẹni tiwọn ti dé. Wọ́n ní ó lóògùn, pé ó lè di ẹkùn, pé ó lè di erin. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí gbogbo ìlú bá ti gbà pé ẹnì kan lè di erin, kò níláti di í mọ́.

Lábísí ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n yàn án láti jọba, ṣùgbọ́n kò wọ ààfin. Gáà pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọn ì bá dúró tì í, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Awọnbíojú, tí ó lo 130 ọjọ́ péré lórí oyè. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé Gáà fẹ́ kí ó máa dọ̀bálẹ̀ fún òun, ó sì kọ̀. Aláàfin kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè rẹ̀; kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Awọnbíojú di àṣà mú, àṣà kò sì gbà á sílẹ̀.

Agbólúajé tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò bá a ṣe agídí. Ó dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tòrò, owó wà, ọdún Bẹẹrẹ sì ń lárinrin, ọba náà sì pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, Gáà ní òun fẹ́ kí wọ́n gbógun lọ bá Eléwì-Odò, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ fún ọba. Ọba bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Agbólúajé mọ̀ pé òun kò lè dá ogun náà dúró, kò sì fẹ́ fi ojú òun rí ìparun ọ̀rẹ́ òun, ni ó bá gbé májèlé jẹ. Ti Májẹ̀ógbé yàtọ̀. Òun ní tirẹ̀ wá oògùn kiri láti fi bá Gáà jà. Wọ́n ní oògùn rẹ̀ mú Gáà ní ẹsẹ̀, tí Gáà kò fi lè dá rìn mọ́ títí ó fi kú. Síbẹ̀ Májẹ̀ógbé ni ó kọ́kọ́ kú.

Bí ó bá jẹ́ ààfin nìkan ni Gáà fojú rẹ̀ gbolẹ̀ ni, mo rò pé àwọn ará oko ì bá máa fi ṣe eré sọ ní abẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ ọba àti ìjòyè, kí ni ó kan ẹni tí ó ń kọ ebè? Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà dé oko. Gáà pín àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, bí ajẹ́lẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó wá sí Ọ̀yọ́ sì ń wọ àpò wọn. Kò sí ẹni tí ó lè fi wọ́n sùn, nítorí pé ẹni tí a ó fi wọ́n sùn fún ni baba wọn. Ìtàn kan tí Johnson kọ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí di ẹrù tí ó ju agbára lọ ru ọkùnrin kan, ó sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń wò bí ọrùn rẹ̀ ti ń wú. Ó ní òun ṣiyèméjì bóyá idà lè gé irú ọrùn bẹ́ẹ̀. Ó fa idà yọ láti dán an wò. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé ẹrù náà rù, ìrìn-àjò sì ń tẹ̀ síwájú.

Kò sí orúkọ ọkùnrin náà nínú ìwé. Orúkọ ọba márùn-ún wà níbẹ̀.

Abíọ́dún, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ Adégoolú, ni ọba karùn-ún. Ní àràárọ̀ ni ó ń lọ sí ilé Gáà láti lọ kí i, kò jẹ́ kí ìbínú hàn lójú rẹ̀. Nínú ìtàn tí gbogbo wa mọ̀, Gáà fẹ́ fi àgbọ̀nrín rúbọ, wọn kò rí àgbọ̀nrín, ni wọ́n bá fi Àgbọ̀nyìn ọmọ ọba rọ́pò rẹ̀, nítorí pé orúkọ náà jọ ara wọn. Ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ìbáà jẹ́ pé àwọn asọ̀tàn ni wọ́n fi iyọ̀ sí i, ó fi bí ó ti ṣe rí lójú àwọn ènìyàn hàn: ọmọ ọba gan-an ti di ohun tí a lè mú bí ẹran.

Ní òru ọjọ́ kan, Abíọ́dún wọ aṣọ mẹ̀kúnnù, ó sì yọ́ jáde lọ sí Akálà, ní ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ibẹ̀ tí òun náà ń jẹ́ Adégoolú. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé etí Ọ̀yábì, ẹni tí ó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò nígbà náà. Wọ́n ránṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ sí àwọn ọba àti baálẹ̀ káàkiri, wọ́n dá ọjọ́ kan. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ìlú kọ̀ọ̀kan dìde sí ọmọ Gáà tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tí ó gbé idà ní ọjọ́ náà kì í ṣe ọmọ-ogun ọba nìkan. Àgbẹ̀ wà nínú wọn, àwọn tí ìyà ẹrù jẹ náà sì wà níbẹ̀. Ogun Ọ̀yábì wọ Ọ̀yọ́, àwọn ará ìlú dara pọ̀ mọ́ ọn. Gáà ti di arúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é gbé, erin kò sì jáde. Wọ́n mú un, wọ́n sì dáná sun ún. Ọdún 1774 ni.

A mọ ọdún náà nítorí pé òkìkí rẹ̀ dé etí òkun. Òyìnbó kan tí ń ṣòwò ẹrú, Archibald Dalzel, kọ ìwé kan nípa Dàhòmì tí ó jáde ní ọdún 1793. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọdún 1774 àwọn ìjòyè ọba Ọ̀yọ́ fi ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, ó kọ̀, ó ní oorun kò kun òun, ó sì pa olórí àwọn ìjòyè náà pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ẹ wo bí ìtàn méjèèjì ti pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti yàtọ̀ pẹ̀lú. Nínú ti Dalzel, àwọn ìjòyè ló lo ẹ̀tọ́ wọn láti kọ ọba, ọba ni kò gbà. Nínú tiwa, ìkà kan ni ó ń fìyà jẹ ọba rere.

Èyí ni ó jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ta ni ó sọ ìtàn fún Johnson. Àwọn arọ́kin ni. Inú ààfin Ọ̀yọ́ ni àwọn arọ́kin ń gbé, ọwọ́ Aláàfin sì ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Ilé Gáà kò ní arọ́kin mọ́ lẹ́yìn ọdún 1774. Ọ̀jọ̀gbọ́n I. A. Akínjógbìn tilẹ̀ rò pé ìjà nípa ọ̀nà tí ìlú yóò gbà ni ó wà láàárín wọn, pé Gáà fẹ́ kí ogun máa gba ilẹ̀ kún ilẹ̀, tí àwọn ọba sì fẹ́ jókòó ti òwò. Gbogbo onímọ̀ kọ́ ni ó gbà fún un. Ní tèmi, mo gbà pé arọ́kin lè bu iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n n kò gbà pé wọ́n purọ́ lórí ọmọ Gáà. Ìyá àgbà mi kò gbé ààfin rí, oko ni ìdílé wọn, ìtàn kan náà ni ó sì sọ fún mi.

Ohun tí n kò lè gbà mọ́ ni pé gbogbo nǹkan yanjú ní ọjọ́ tí wọ́n sun Gáà. Abíọ́dún jọba títí di ọdún 1789, wọ́n sì máa ń fi ìgbà rẹ̀ ṣe àpèjúwe ìgbà tí ó dára. Àkókò rẹ̀ náà ni òwò ẹrú gba Àjàṣẹ́ etí òkun tí a mọ̀ sí Porto-Novo gbòòrò sí i. Ogun Ọ̀yọ́ rọ̀. Ní ọdún 1783 àwọn Ìbàrìbá ṣẹ́gun wọn. Wọ́n pa Gáà, wọ́n pa ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dá ọjọ́ kankan sílẹ̀ tí a ó máa da obì fún orí Baṣọ̀run. Kò sí òfin kan tí ó ti inú iná yẹn jáde. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni àwọn alágbára rí kọ́ níbẹ̀, òun ni pé Kakaǹfò lè kó ogun láti òde wọ Ọ̀yọ́, kí àwọn ènìyàn sì ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Afọ̀njá kọ́ ẹ̀kọ́ náà yé. Ní nǹkan bí ọdún 1796, nígbà tí Aláàfin Awólẹ̀ rán ogun lọ sí Ìwẹ̀rẹ̀-Ilé, ní ìhà Òkè-Ògùn wa níbí, Afọ̀njá tí ó jẹ́ Kakaǹfò àti Baṣọ̀run Aṣamú yí ogun náà padà sí Ọ̀yọ́. Igbá òfìfo ni wọ́n gbé ránṣẹ́ sí ọba. Àwọn tí wọ́n dàgbà tó láti rántí ọdún 1774 yóò ṣì wà láàyè ní ìlú ní ọjọ́ náà. Mo máa ń rò pé àwọn kan nínú wọn tún pàtẹ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe pàtẹ́wọ́ fún àwọn sójà ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1966, tí àwọn kan sì tún pàtẹ́wọ́ ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1983.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí tán, olùkọ́ wa kan bi mí bóyá Baṣọ̀run ṣì wà lónìí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní a kò ní Ọ̀yọ́ Mèsì nínú òfin Nàìjíríà. Ó ní kí n lọ ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Mo lọ kà á. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2006, aṣòfin 18 nínú 32 yọ Gómìnà Ráṣídì Ládọjà nípò, tí òfin sì béèrè pé kí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta wọn fọwọ́ sí i. Inú oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ tó sọ pé kò bófin mu, tí wọ́n sì dá a padà. Ọ̀rọ̀ kan tí ó kún ẹnu àwọn ará Ìbàdàn ní ìgbà náà ni bàbá ìsàlẹ̀. Bàbá ìsàlẹ̀ kò dìbò wọlé, kò búra, kò sì sí ìwé tí ó gbọdọ̀ fọwọ́ sí. N kò sọ pé Gáà ni. Gáà tilẹ̀ ní oyè.

Ó ku ọmọ Gáà kan tí n kò tí ì dárúkọ. Òjó Agunbáḿbàrù sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá nígbà tí wọ́n ń pa àwọn arákùnrin rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Awólẹ̀ tí gbogbo nǹkan dàrú, ó kó ogun Ìbàrìbá padà wá. Ó ní òun wá tún Ọ̀yọ́ ṣe. Ó pa àwọn ìjòyè tí ó bá níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó ní ọ̀rẹ́ Afọ̀njá ni wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ gbèsè tí ó ń gbà. Ó gbógun lọ bá Afọ̀njá ní Ìlọrin, díẹ̀ ló kù kí ó borí, àwọn olórí Ọ̀yọ́ tí ó bá a lọ dà á, ó sì tún sá padà sí Ìbàrìbá. Kí ọdún 1840 tó dé, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro.

Mo ti sọ fún àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa pé kí ìrìn-àjò wa ti ọdún tí ń bọ̀ jẹ́ ti ibẹ̀. Oṣù Ṣẹẹrẹ tàbí Èrèlé ni ó dára jù, nígbà tí iná bá ti jó koríko, tí ènìyàn lè rí odi ìlú àti àwọn ojú ọlọ tí àwọn obìnrin Ọ̀yọ́ fi lọ nǹkan lórí àpáta. A ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ọgbà ẹranko náà, a ó sì wá ọdẹ kan tí yóò mú wa lọ. Àwọn tí ó bá sùn sí Ìgbẹ́tì kò ní í wá oúnjẹ. Ìyá àgbà mi ṣì ń sá ẹ̀lùbọ́, ṣùgbọ́n orí àpáta ẹ̀yìn ilé ni ó ń sá a sí báyìí, kì í sá a sí ẹ̀bá títì mọ́.